Ojú Ibi Tó Ya

Kí ó tó fọwọ́ kan ibi tí aṣọ ti ya, ìṣẹ́tí ni ó máa ń kọ́kọ́ wò. Yóò fi àtàǹpàkò yí i síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìpéǹpéjú ọmọ tí nǹkan kó sí lójú, yóò sì tẹrí ba wo òwú tó wà nínú ibẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé, tí ọṣẹ kò sì rí jẹ. Ibẹ̀ ni yóò ti fa òwú yọ, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, tí yóò fi wun ojú ibi tó ya. Kì í lo òwú ọjà. Ara aṣọ ni ó fi ń tún aṣọ ṣe, tó fi jẹ́ pé bí ó bá parí, ẹni tó ni aṣọ gan-an á máa wá ibẹ̀ kiri. Wọ́n á yí i síwá, wọ́n á yí i sẹ́yìn, wọ́n á ní, "Bàbá, kò mà hàn!" Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Kòhàn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan ọmọbìnrin rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ títì. Tábìlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ̀rọ ìránṣọ wà ní igun, áyọ́ọ̀nù àti rédíò kékeré tí wọ́n fi rọ́bà de lẹ́yìn wà lórí pẹpẹ. Fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó ti di olóògbé ń wo gbogbo wọn láti ara ògiri. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ni àwọn tí ọkàn wọn kò gbà láti ju aṣọ kan nù: ẹni tí kòkòrò ti jẹ kóòtù bàbá rẹ̀, ọkọ ìyàwó tí iná sìgá bọ́ sí lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, obìnrin tó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ilé mélòó lẹ ti bá wa tún ṣe báyìí?" obìnrin olùkọ́ kan bi í nígbà kan.

"Ẹ lọ bi àwọn ọkọ," ni ó wí, kò gbé orí sókè. "Àwọn gan-an ni wọn ò mọ̀."

Ọjọ́ tí rédíò ka ìdájọ́, olùkọ́ yìí kan náà ló wà lórí àga, ó ń dúró de síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù kan fara ti ilẹ̀kùn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Gbogbo ìlú ló ti ń retí ọjọ́ náà. Akunlé kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó, ló bá onílé kan fa ọ̀rọ̀ lórí àwọ̀ ọ̀dà, ni onílé bá pe ọlọ́pàá. Wọ́n tì í mọ́ àhámọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ mọ́, ó ti kú. Sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà: Pọ́ǹpù, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù Kòhàn. Wọ́n ti òun náà mọ́lé lọ́jọ́ yẹn nítorí kẹ̀kẹ́ olè kan tí wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹnì kan gbé wá pé kó bá òun lẹ táyà. Pọ́ǹpù ní òun fi ojú òun rí i bí sájẹ́ǹtì ṣe fún akunlé náà lọ́rùn mọ́ ògiri, tí akunlé sì di àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú títí ó fi ya.

Adájọ́ ní kò sí ẹ̀rí tó dúró. Ó ní onírọ́ ni ẹlẹ́rìí, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì náà wà níwájú kóòtù, kò sì ya níbì kankan. Ó dá sájẹ́ǹtì sílẹ̀. Ó ní kó máa lọ sílé ní àlàáfíà.

Awakọ̀ tu èèpo ẹ̀pà síta. "Ẹ gbọ́? Ní àlàáfíà!"

"Ìyá ọmọ yẹn ńkọ́?" olùkọ́ wí. "Ibo ni wọ́n ní kí òun náà máa lọ?"

"Pọ́ǹpù ló bà á jẹ́. Ta ló bi í léèrè ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì? Kó ti sọ pé wọ́n fún un lọ́rùn, kó panu dé."

"Bó bá rí i ńkọ́?"

"Ó rí i kẹ̀? Èmi náà rí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn nínú ìwé ìròyìn o. Lọ́yà gbé e sókè bí ẹni ń polówó ọjà. Aṣọ náà dáa ju èyí tó wà lọ́rùn mi lọ."

"Ìyẹn ò ṣòro," olùkọ́ wí. Ó yíjú sí tábìlì. "Bàbá, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Abẹ́rẹ́ gún mi," Kòhàn wí, ó sì ki ìka bọ ẹnu.

Abẹ́rẹ́ kankan kò gún un.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá òkú akunlé ní àhámọ́, kí ará ìlú kankan tó gbọ́, sájẹ́ǹtì ti kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ká ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ sí abẹ́ apá. "Bàbá, ẹ gbà mí. Ìṣó ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló fà á ya, ọ̀gá wa sì ń bọ̀ lónìí."

Kòhàn tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí ìṣó bá ya aṣọ, igun ni yóò ní, bí igun tábìlì. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Etí àpò ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fà wá sísàlẹ̀, àwọn òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nà gbọọrọ bí irun tí wọ́n fi ipá fà. Ọwọ́ ènìyàn ni. Kòhàn mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ohùn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ògiri.

Ṣùgbọ́n ó mọ sájẹ́ǹtì náà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí àìsàn ìyàwó rẹ̀ le, tí wọn kò rí ọkọ̀, sájẹ́ǹtì yìí ló gbé e sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, tó fi fèrè la títì já dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè ti bàjẹ́ níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé obìnrin náà gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí obìnrin náà sì papò dà, ó wá, ó bá wọn to àga. Ta ló ń wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú, kó máa bi í ní ohun tó fa aṣọ rẹ̀ ya?

Ó jókòó ti iṣẹ́. Ó yí ìṣẹ́tí ṣẹ́ẹ̀tì síta, ó fa òwú níbẹ̀. Sájẹ́ǹtì dúró tì í, ó ń wò ó, ó bi í bí wọ́n ṣe ń ṣe é, Kòhàn sì ṣàlàyé fún un tinútinú, nítorí kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló máa ń béèrè. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìròyìn akunlé jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì ti lọ. Kòhàn sọ fún ara rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá bi òun, òun yóò sọ. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ó lọ sí kóòtù lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ọjọ́ náà gan-an ni lọ́yà sájẹ́ǹtì gbé ṣẹ́ẹ̀tì lé Pọ́ǹpù lọ́wọ́, tó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ojú ibi tó ya dà?" Pọ́ǹpù yí aṣọ náà. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó fi ìka dúdú rẹ̀, tí ọṣẹ kankan kò lè bọ́ gíríìsì rẹ̀ mọ́, tọ etí àpò lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Lọ́yà wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Bóyá ó ti jinná," lọ́yà wí, ẹ̀rín sì sọ nínú kóòtù.

Ohun tó kọ́kọ́ dé bá Kòhàn kì í ṣe ìtìjú. Kò lè tan ara rẹ̀ jẹ lórí ìyẹn. Ayọ̀ ni. Adájọ́, lọ́yà, akọ̀wé kóòtù, gbogbo wọn ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí i. Ayọ̀ náà gbóná, ó gùn ún láti ikùn dé etí. Ìtìjú dé lẹ́yìn, ó bá ayọ̀ lórí ìjókòó, àwọn méjèèjì sì jọ bá a délé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá a jẹun.

Lọ́jọ́ kejì ìdájọ́, àwọn akunlé ìlú kò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ru àkàbà wọn lọ síwájú àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí títì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, wọ́n sì lọ jókòó sí etí ọ̀nà. Wọn kò ju òkúta. Wọn kò pariwo. Ọkọ̀ tó bá fẹ́ kọjá, kó gun orí àkàbà. Kò sí ọkọ̀ tó gùn ún. Ọlọ́pàá kó wọn dànù, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá àkàbà mìíràn nílẹ̀. Àwọn onílé tí kò kun nǹkan kan rí láyé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àkàbà ẹ̀yìnkùlé wọn wá. Ìyá akunlé jókòó láàárín wọn, ṣòkòtò iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ọ̀dà funfun ti gan mọ́ wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ tó sùn lọ.

Ọmọbìnrin Kòhàn, tó ń tajà nílé òògùn, ń ti ibi iṣẹ́ lọ bá wọn jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó gbé aṣọ funfun gígùn kan wọlé.

"Bàbá mi, ẹ bá wa rán etí rẹ̀. A fẹ́ kọ nǹkan sí i."

"Kí lẹ fẹ́ kọ?"

"'Ta ló pa á?'"

Kòhàn gba aṣọ náà, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó.

"Ẹ̀yin ò tilẹ̀ bínú."

"Mò ń bínú."

"Ẹ ò jọ ẹni tó ń bínú."

"Bí mo ṣe máa ń bínú nìyí."

Ọmọbìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Ṣé nítorí pé ó gbé màámi ni? Èmi náà ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni, Bàbá. Ọwọ́ tó gbé màámi ló fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn."

Kòhàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́.

Ní òdìkejì títì, Pọ́ǹpù kò rójú. Àwọn tó gbà pé sájẹ́ǹtì jàre ń bú u, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ akunlé kò sì kí i, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ló ba ẹjọ́ jẹ́. Àwọn tó ṣì ń gbé kẹ̀kẹ́ wá ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Pọ́ǹpù, ṣé táyà yìí ya lóòótọ́, àbí ojú ẹ ló rí i bẹ́ẹ̀?" Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ìwé wá fún un pé sájẹ́ǹtì ti pè é lẹ́jọ́: ó búra ní kóòtù, ó sì parọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò lọ jẹ́jọ́. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ni.

Kòhàn gbé ife tíì méjì sọdá. Ohun tó fẹ́ sọ ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo Pọ́ǹpù tó ki táyà bọ omi, tó ń wá ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde.

"Bàbá," Pọ́ǹpù wí, kò gbójú kúrò nínú omi, "ẹ̀yin lẹ mọ aṣọ. Ṣé aṣọ lè ya, kó má ya?"

"Ó dọwọ́ irú aṣọ," Kòhàn wí.

Bí ó ti sọ ọ́ ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfo lòun sọ.

"Mo gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ya páálí. Mo rí ọwọ́ ọmọ yẹn tó ń wálẹ̀ pẹ̀lú àpò." Ó gbé táyà kúrò lómi. "Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá di ojú, ọmọ yẹn á di àpò mú, á fà á, kì í ya mọ́. Ojú mi gan-an ti ń gbè sẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá ní kí n tún búra, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ."

"Mu tíì ẹ," Kòhàn wí. Ó kó ife òfìfo padà.

Ọjọ́ Ẹtì ni sájẹ́ǹtì gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, nítorí àwọn àkàbà. Ó ti rù. Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú ọ̀rá dúdú, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Páálí kékeré tí kóòtù fi kọ nọ́ńbà sí i ṣì so mọ́ bọ́tìnnì rẹ̀.

"Wọ́n ti dá a padà fún mi, Bàbá. Ọjọ́ Ajé ni mo máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ti fẹ̀ jù mí lọ."

"Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí n dín?"

"Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì." Ó yíjú sí ògiri. "Kẹ́ ẹ sì gé ìsàlẹ̀. Ó gùn jù."

"Aṣọ tí o ń kì bọ ṣòkòtò?"

"Ó ń ká jọ sí mi nídìí. Ẹ gé gbogbo ìṣẹ́tí yẹn, yípo yípo. Ẹ má wulẹ̀ tọ́jú àjákù rẹ̀."

Kòhàn gbójú sókè. Sájẹ́ǹtì kò wò ó. Fọ́tò ara ògiri ni ó ń wò, ó sì pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Èèyàn dáadáa ni Ìyá," ó wí.

"Dáadáa ni."

"Mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn kú, Bàbá. Ó ń pariwo ni. Mo kàn fẹ́ kó dákẹ́." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú láti òkè dé àgbọ̀n. "Màá padà wá gbà á kẹ́ ẹ tó tilẹ̀kùn. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi."

Ó gba ẹ̀yìn jáde.

Kòhàn tan iná tábìlì. Ó mú téépù, ó wọn ẹ̀gbẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yípo ìsàlẹ̀ níbi tí sísọ́ọ̀sì yóò gbà. Iṣẹ́ tó rọrùn ni, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe é. Ó yí ìṣẹ́tí síta. Ibi tó ti fa òwú yọ nígbà náà wà níbẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí ajọ̀, iná ń kọjá nínú rẹ̀. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti lè lọ yípo lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹnikẹ́ni láti rí láyé.

Ó wá ojú ibi tó ya. Òun fúnra rẹ̀ kò rí i. Ó wá a títí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò, kò rí i. Ayọ̀ ọjọ́ kóòtù tún rú nínú rẹ̀, kékeré, bí ajá tó gbọ́ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó pa iná. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀rá dúdú, ó sì sọdá.

Pọ́ǹpù dùbúlẹ̀ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ kan, ó ń de ṣéènì.

"Dìde. Mú ọwọ́ ẹ wá."

"Gíríìsì wà lọ́wọ́ mi, Bàbá."

"Mú un wá bẹ́ẹ̀."

Kòhàn tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí àpótí. Pọ́ǹpù rí páálí kóòtù, ó dúró gbagidi. Kòhàn di ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ mú, ó di ojú ara rẹ̀, ó fi ìka náà rìn díẹ̀díẹ̀ láti etí àpò wá sísàlẹ̀. "Níbí, ó le díẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ lọ́wọ́? Níbí." Lẹ́yìn náà ó yí ìṣẹ́tí síta, ó gbé e sí oòrùn. "Ibi tí òwú rẹ̀ ti wá nìyí."

Ìlà dúdú kan ti wà lára ṣẹ́ẹ̀tì náà báyìí, gbọọrọ, láti etí àpò, ní ibi tí ìka Pọ́ǹpù gbà.

"Ó ya," Pọ́ǹpù wí.

"Ó ya."

"Ó ya." Ó tún un sọ bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. Ẹ̀rín bọ́ sí i lójú, ó sì kúrò. "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Pọ́ǹpù wò ó.

"Ẹ wà ní kóòtù," ó wí. "Lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mo rí yín. Ojú tì mí, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, mo wá rí yín, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní ó kéré tán, Bàbá Kòhàn wá bá mi dúró."

Kòhàn ká ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi ìlà dúdú náà síta, ó dá a padà sínú ọ̀rá.

Pọ́ǹpù ti padà sábẹ́ kẹ̀kẹ́. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti wá. "Lọ́yà tó fẹ́ gbèjà mi wà lókè ilé oníbàtà, lẹ́yìn àgọ́ ọlọ́pàá. Wọn kì í pẹ́ tilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ẹtì."

Kòhàn kò padà lọ ti ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọ̀rá sí abẹ́ apá, ó tọ títì lọ. Níwájú àgọ́ ọlọ́pàá, àwọn àkàbà gba gbogbo ojú ọ̀nà láti ògiri dé ògiri. Aṣọ funfun tó rán etí rẹ̀ wà láàárín igi méjì, ọmọ rẹ̀ jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ìyá akunlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ṣòkòtò wà lórí itan rẹ̀. Orúnkún ṣòkòtò náà ti ya. Ojú Kòhàn lọ síbẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Kòhàn," obìnrin náà wí. "Ẹ ò jókòó tì wá?"

Ó tẹ orí ba fún un, ó tẹ̀ ẹ́ ba ju bó ti yẹ lọ.

"Bàbá mi, ibo lẹ ń lọ?" ọmọ rẹ̀ pè é. "Bàbá! Kí ló wà nínú ọ̀rá?"

Ó gbé ẹsẹ̀ sáàárín igi àkàbà kìíní, bí ẹni ń wọ omi tí kò mọ bó ṣe jìn tó. Ó wo ibi tí yóò tún tẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kejì, ó sì ń lọ.